Owó iná ń gòkè sí i: Bí ìdílé ṣe lè ṣírò iná tó ń lò, kó sì dín ìnáwó rẹ̀ kù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí ọ̀rọ̀ ìnáwó iná ṣe rí nìyẹn nínú ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ Yorùbá láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Owó iná mànàmáná lọ sókè, epo bẹntiróòlù tí à ń rọ sínú jẹnẹrétọ̀ gbówó lórí, gáàsì ìdáná kò rọrùn-ún rà bíi ti àtẹ̀yìnwá, kẹrosíìnì tí mẹ̀kúnnù gbójú lé tẹ́lẹ̀ sì ti di ọjà olówó ńlá. Owó tó yẹ kí wọ́n fi san owó ilé-ìwé ọmọ tàbí kí wọ́n fi ra oúnjẹ ni iná ń gbà lọ́wọ́ wọn. Nínú àwọn ilé tí ayálégbé mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ti ń lo mítà kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ náà ti da àárín aládùúgbò rú, torí pé kò sẹ́ni tó mọ iye tó tọ́ kí òun san.

Lójú ìwé yìí, a ó ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibi tó dé, bí èèyàn ṣe lè fi ìṣirò mọ ohun tó ń jẹ owó rẹ̀, ẹ̀tọ́ tí oníbàárà ní, àti ọ̀nà tí a lè gbà dín ìnáwó kù láìsí ewu.

BÍ Ọ̀RỌ̀ ṢE DÉ IBI TÓ DÉ

Ọdún 1972 ni ìjọba da àwọn ilé-iṣẹ́ iná méjì pọ̀, tí wọ́n sì sọ wọ́n di NEPA, orúkọ tí kò tíì kúrò lẹ́nu aráàlú títí dòní. Lọ́dún 2005, wọ́n yí i padà sí PHCN. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní, oṣù kọkànlá, ọdún 2013, ìjọba fa iṣẹ́ pípín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Nínú ètò náà, ilé-iṣẹ́ ti Èkó àti ti Ìkẹjà ló gba ìpínlẹ̀ Èkó, ti Ìbàdàn gba Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Kwara àti apá tó pọ̀ jù nínú Ògùn, nígbà tí Oǹdó àti Èkìtì bọ́ sábẹ́ ti Benin.

Láti ọdún 2020 ni NERC, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, ti pín àwọn oníbàárà sí ìsọ̀rí márùn-ún. Àwọn tó wà ní ìsọ̀rí A ló yẹ kó máa rí iná fún wákàtí 20, ó kéré tán, lójúmọ́. Ti ìsọ̀rí B jẹ́ wákàtí 16, ti C jẹ́ 12, ti D jẹ́ mẹ́jọ, ti E sì jẹ́ mẹ́rin péré. Ní ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin, ọdún 2024, NERC kéde pé àwọn tó wà ní ìsọ̀rí A, tí wọ́n ń san nǹkan bíi 68 náírà lórí yúnìtì kan, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í san 225 náírà. Ariwo ta káàkiri, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì ṣe ìwọ́de lórí ẹ̀ lóṣù karùn-ún. Wọ́n kọ́kọ́ dín in kù sí 206.80 náírà lóṣù karùn-ún náà, ó sì tún di 209.50 náírà lóṣù keje ọdún yẹn kan náà.

Ti epo bẹntiróòlù kò yàtọ̀. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí wọ́n búra fún Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú, ló kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Lítà epo tí kò tó 200 náírà nígbà náà ju 500 náírà lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá, ọdún 2024, ó ti tó nǹkan bíi 1,000 náírà l'Ékòó.

KÍ NI WỌ́N Ń PÈ NÍ YÚNÌTÌ?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ra yúnìtì tí kò mọ ohun tó jẹ́ gan-an. Gbogbo ohun èlò tó ń lo iná ni wọ́n kọ agbára rẹ̀ sí lára, iye wáàtì tó ń gbà. Ohun èlò tó bá ń gba 1,000 wáàtì, bí a bá tan án fún wákàtí kan, yúnìtì kan ló jẹ. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ fi iye wáàtì náà lọ́nà iye wákàtí tí ẹ fi lò ó, kí ẹ sì fi 1,000 pín in.

Ẹ jẹ́ ká fi iye ti oṣù keje, ọdún 2024 fún ìsọ̀rí A ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá fi owó orí ọjà, ìyẹn VAT, tó jẹ́ ìdá méje àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún kún 209.50 náírà, yúnìtì kan yóò di nǹkan bíi 225 náírà. Ẹni tó bá san 5,000 náírà yóò rí nǹkan bíi yúnìtì 22. Ẹni tí kò sí ní ìsọ̀rí A lè lo ìṣirò kan náà, kó kàn fi iye tí wọ́n ń tà á fún òun rọ́pò tiwa. Bí yúnìtì tí wọ́n fún yín bá kéré sí èyí tí ìṣirò mú wá, ẹ wo rìsíìtì dáadáa bóyá wọ́n ti yọ gbèsè àtijọ́ kúrò nínú owó yín.

ÀWỌN OHUN TÓ Ń JẸ INÁ JÙ

Ẹ wo gílóòbù àtijọ́ tí iná rẹ̀ máa ń pupa, tó ń gba 60 wáàtì. Bí irú ẹ̀ mẹ́fà bá wà nínú ilé, tí a ń tan wọ́n fún wákàtí márùn-ún lójúmọ́, yúnìtì 54 ni wọn yóò jẹ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Bí a bá fi gílóòbù LED tó ń gba wáàtì mẹ́sàn-án rọ́pò wọn, yúnìtì mẹ́jọ àti díẹ̀ ni yóò jẹ́. Ìyàtọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú iye tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lókè, ju 10,000 náírà lọ lóṣù kan. Kò sí ohun mìíràn nínú ilé tí èèyàn lè fi owó kékeré pààrọ̀, tí èrè rẹ̀ yóò sì tètè yọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń mú nǹkan gbóná tàbí tó ń mú un tutù ló ń jẹ iná jù. Áyọ́ọ̀nù sábà máa ń gba 1,000 wáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ó dára kí a kó aṣọ ọ̀sẹ̀ kan jọ, kí a lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, dípò kí a máa tan áyọ́ọ̀nù láràárọ̀ nítorí aṣọ kan ṣoṣo. Irin tí wọ́n ń ki bọ omi láti fi sè é náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ àpò. Ẹni tó bá máa fi sè omi, ìwọ̀nba èyí tó fẹ́ lò ni kó sè. Ẹ̀rọ amúlétutù tó ní agbára ẹṣin kan lè gba nǹkan bíi 800 sí 900 wáàtì, nígbà tí fáànù onídùúró kò ju nǹkan bíi 70 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ lo amúlétutù, kó ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa, kó fọ àsẹ́ inú rẹ̀ déédéé, kó má sì jẹ́ kó tutù ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ti fírísà àti fíríìjì, ọ̀pọ̀ tókùnbọ̀ tó ti gbó ló ń jẹ iná ju tuntun lọ. Ẹ fi bébà kan há ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ sì pa á dé. Bí bébà náà bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà tí ẹ fà á, rọ́bà ẹnu rẹ̀ ti ṣá nìyẹn, òtútù ń jò síta, ẹ̀rọ náà yóò sì máa ṣiṣẹ́ láìsinmi. Ẹ má ṣe gbé e ti ògiri pátápátá, ẹ má sì gbé ọbẹ̀ gbígbóná sínú rẹ̀.

ILÉ OLÓJÚKOJÚ: MÍTÀ KAN, AYÁLÉGBÉ PÚPỌ̀

Ibi tí ìjà ti máa ń pọ̀ jù nìyí. Ẹ jẹ́ ká ní ayálégbé mẹ́ta ló ń lo mítà kan. Bàbá Ìbejì ní fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti gílóòbù LED méjì, yúnìtì 32 ló ń jẹ lóṣù. Ìyá Àlàkẹ́ ní gbogbo ìyẹn, ó sì tún ní fírísà tó fi ń ta omi tútù. Fírísà náà ń gba 200 wáàtì, ó sì ń ṣiṣẹ́ wákàtí 12 lójúmọ́, ìyẹn yúnìtì 72 lóṣù. Àpapọ̀ tirẹ̀ wá di 104. Bùọ̀dá Sùnmọ́nù kò ní ju fáànù àti gílóòbù lọ, yúnìtì 24 ni tirẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ yúnìtì 160, iye owó rẹ̀ sì jẹ́ 36,000 náírà. Bí wọ́n bá pín in dọ́gba, 12,000 náírà ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì ti rẹ́ Bùọ̀dá Sùnmọ́nù jẹ. Bí wọ́n bá fi yúnìtì pín in, Bàbá Ìbejì yóò san 7,200, Ìyá Àlàkẹ́ yóò san 23,400, Bùọ̀dá Sùnmọ́nù yóò sì san 5,400 náírà. Ẹnikẹ́ni kò ní lè sọ pé wọ́n yan òun jẹ. Ìyá Àlàkẹ́ pàápàá yóò mọ̀ pé 16,200 náírà ni fírísà ń jẹ lóṣù, yóò sì lè mọ̀ bóyá omi tútù tí òun ń tà mú èrè wá.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí àwọn ayálégbé jókòó pọ̀, kí wọ́n kọ ohun èlò yàrá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí gbogbo wọn sì fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ra ohun èlò tuntun, kó sọ. Èyí tó dára jù ni kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní mítà kékeré tirẹ̀ tí yóò máa ka ohun tó ń lò, bí onílé bá gbà.

Ẹ̀TỌ́ TÍ ONÍBÀÁRÀ NÍ

Ẹni tí kò ní mítà, tí wọ́n kàn ń fojú díwọ̀n owó fún, kò gbọ́dọ̀ rò pé òun kò ní ẹnu ọ̀rọ̀. NERC ti fi gbèdéke sí iye tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ irú oníbàárà bẹ́ẹ̀. Nínú oṣù kejì, ọdún 2024, àjọ náà bu owó ìtanràn tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé àwọn ilé-iṣẹ́ apínná mọ́kànlá lórí, nítorí pé wọ́n gba owó tó ju gbèdéke náà lọ lọ́wọ́ àwọn tí kò ní mítà.

Bí ìwé owó iná yín bá ti pọ̀ jù, ẹ kọ ìwé ẹ̀hónú sí ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà ní ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná fún yín, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan tí wọ́n fọwọ́ sí. Bí wọn kò bá yanjú rẹ̀ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 15, ẹ lè gbé ẹjọ́ náà lọ sí ọ́fíìsì NERC. Òfin iná mànàmáná ti ọdún 2023 sì ti fún àwọn ìpínlẹ̀ láǹfààní láti máa ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná fúnra wọn. Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba àṣẹ náà lọ́dún 2024, Ọ̀yọ́, Èkó àti Ògùn sì tẹ̀ lé wọn. Ní irú ìpínlẹ̀ bẹ́ẹ̀, àjọ ìpínlẹ̀ ni kí ẹ tọ̀ lọ.

Ẹni tó ń san owó ìsọ̀rí A, tí kò sì rí iná wákàtí 20, kó máa kọ wákàtí tí iná fi wà sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ìlànà tí NERC gbé kalẹ̀ ni pé bí ilé-iṣẹ́ bá kùnà fún ọjọ́ méje léraléra, ó gbọ́dọ̀ dá àwọn oníbàárà náà padà sí ìsọ̀rí tó bá iná tí wọ́n ń rí mu. Àkọsílẹ̀ yín ni ẹlẹ́rìí yín.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín láti fa iná gba ẹ̀yìn mítà. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin, irú wáyà bẹ́ẹ̀ sì lè sun ilé kanlẹ̀.

JẸNẸRÉTỌ̀ ÀTI SÓLÀ

Jẹnẹrétọ̀ kékeré sábà máa ń jẹ nǹkan bí ìdajì lítà epo láàárín wákàtí kan, iná tó sì ń mú wá kò ju ìdajì yúnìtì tàbí díẹ̀ lé lọ. Nígbà tí lítà epo jẹ́ 1,000 náírà, yúnìtì kan láti ara jẹnẹrétọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ná èèyàn ní 1,000 náírà, láìka ọ́ìlì àti owó mẹkáníìkì. Èyí ló fi hàn pé iná ìsọ̀rí A, bó ti wọ́n tó, ṣì rọjú ju ti jẹnẹrétọ̀ lọ. Iṣẹ́ tó bá nílò iná púpọ̀, ẹ ṣe é nígbà tí iná ìjọba bá wà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé, sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sí ẹ̀bá fèrèsé. Májèlé kan wà nínú èéfín rẹ̀ tó ń jẹ́ carbon monoxide, tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn. Ó ti pa odidi ìdílé mọ́ ojú oorun.

Ní ti sólà, ẹni tí kò lówó púpọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti orí gílóòbù, fáànù àti fóònù, kó sì máa fi kún un. Kí ẹ tó rà á, ẹ ṣe ìṣirò yúnìtì tí a ṣàlàyé lókè, kí oníṣòwò má baà ta èyí tí kò ní lè gbé ẹrù yín fún yín.

NÍ ILÉ ÌDÁNÁ

Ìkòkò tí a bá dé lórí ń tètè hó ju èyí tí a ṣí sílẹ̀ lọ. Bí omi bá sì ti hó, kí a dín iná kù, nítorí pé iná ńlá kò lè mú kí ó gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣe ni yóò kàn máa gbẹ. Kí a rẹ ẹ̀wà sómi kí a tó sè é. Bí iná gáàsì bá ń pupa, tó sì ń dú ìdí ìkòkò, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín fọ orí rẹ̀, torí pé gáàsì ń ṣòfò.

Bí ẹ bá lọ rọ gáàsì, ẹ wo ìwọ̀n òfìfo sílíńdà tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Bí òfìfo rẹ̀ bá jẹ́ kílò 14, tí ẹ sì ra kílò 12.5, kílò 26.5 ló gbọ́dọ̀ wà lórí òṣùwọ̀n. Ẹ fi ọṣẹ híhó wo ojú ìsopọ̀ rẹ̀ bóyá ó ń jò, ẹ má sì fi iná ìṣáná wò ó láéláé. Ẹni tó ń lo èédú nítorí ọ̀wọ́n gáàsì, kó máa dáná níta, nítorí májèlé inú èéfín jẹnẹrétọ̀ wà lára èédú pẹ̀lú. Ẹni tó ń lo kẹrosíìnì, kó máa rà á níbi tó dá lójú, torí èyí tí wọ́n da bẹntiróòlù mọ́ máa ń bú gbàù.

Agbára wa kò ká iye tí wọ́n ń ta iná tàbí epo, ṣùgbọ́n ó ká iye tí à ń lò. Ẹ mú bébà àti bírò lálẹ́ òní, kí ẹ ka ohun èlò tó wà nínú ilé yín, kí ẹ sì ṣírò ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí owó ṣe ń jáde lápò náà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni a sì ṣe lè dá a dúró.