Ta Ló Fún Fóònù Wa Ní Àdírẹ́sì?

Bí ẹ bá wà ní Ìfọ́n tí ẹ tan dátà, kí fídíò tó ṣí, nọ́ńbà kan ti ṣáájú yín jáde. Òun ni àdírẹ́sì tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń mọ ibi tí yóò dá èsì padà sí. Ṣáájú 2005, Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ Áfíríkà ti ń tọrọ nọ́ńbà yìí. Ẹ wò ó bíi kí ará Ìfọ́n fẹ́ kọ nọ́ńbà sára ilé bàbá ẹ̀, kó kọ́kọ́ kọ̀wé sí Amsterdam.

Ọ̀kan nínú àwọn tó yí i padà ni Nii Quaynor, ọmọ Gánà. Ó kàwé ní Dartmouth, ó sì gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Stony Brook, New York, ní 1977. Ọdún yẹn náà ló wọ Digital Equipment Corporation. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ kóòdù bíi tèmi, ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe kékeré: àwọn ló ṣe PDP-11, ẹ̀rọ tí Unix dàgbà lórí ẹ̀. Síbẹ̀, ní 1979 ó ti wà ní Yunifásítì Cape Coast, ó ń dá ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ níbẹ̀.

Ó fi Digital sílẹ̀ ní 1992. Network Computer Systems, ilé-iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ ní Accra, ló ṣáájú nínú síso Gánà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì.

Lójú tèmi o, wáyà kọ́ ni iṣẹ́ ẹ̀ tó tóbi jù. Èèyàn ló kó jọ. Ní 2000 ni AfNOG bẹ̀rẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ń kọ́ ara wọn bí wọ́n ṣe ń darí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ní 2007, Abuja ni wọ́n pé sí. Irú wọn ló gbé AfriNIC dìde, àjọ tó gba àṣẹ ní 2005 láti máa pín nọ́ńbà fún Áfíríkà. Quaynor ni alága àkọ́kọ́. Adiel Akplogan, ọmọ Tógò, ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì IPv4 kò ju bílíọ̀nù 4 àti díẹ̀ lọ, ó sì ti dọjà olówó gọbọi. Láti 2021 ni AfriNIC ti ń ṣẹjọ́ ní Mauritius lórí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù nọ́ńbà tó ní wọ́n ń lò níta Áfíríkà. Wọ́n ti owó ẹ̀ pa ní báńkì lọ́dún yẹn. Nígbà tó di 2023, kò ní ìgbìmọ̀ tó lè darí ẹ̀ mọ́, kóòtù bá yan alábòójútó lé e lórí. Inú ìwé àjọ yẹn náà ni nọ́ńbà wa ṣì wà.