Ta Ni Òfin Gbà Láàyè Láti Mú Ọkọ Rẹ̀ Wálé? Ìgbọ̀wọ́ Aya àti Ọkọ láàárín Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Nàìjíríà

Bí ọkùnrin kan àti àbúrò rẹ̀ obìnrin bá jọ kàwé ní London, tí àwọn méjèèjì sì fẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, ọ̀nà wọn yóò yà lọ́jọ́ tí wọ́n bá pinnu láti padà sí Ìbàdàn. Abala 26 nínú Òfin Ìpilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé obìnrin èyíkéyìí tó jẹ́ aya ọmọ Nàìjíríà, tàbí tó ti fìgbà kan rí jẹ́ bẹ́ẹ̀, lè forúkọ sílẹ̀ láti di ọmọ Nàìjíríà, bí ìwà rẹ̀ bá dára, tó fi hàn pé òun fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe ibùgbé, tó sì búra pé òun yóò jẹ́ olóòótọ́ sí i. Òfin náà kò dárúkọ ọkọ rárá. Ọkọ àbúrò yìí ní láti gba ọ̀nà abala 27, èyí tó ń béèrè pé kó ti gbé Nàìjíríà fún ọdún 15, kí gómìnà ìpínlẹ̀ tó ń gbé sì gbà pé àwọn ará àdúgbò tẹ́wọ́ gbà á. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí òǹkàwé kíyè sí: “tó ti fìgbà kan rí jẹ́ aya”. Obìnrin tó ti kọ ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ pàápàá lè forúkọ sílẹ̀, nígbà tí ọkọ tó ń bá àbúrò gbé lábẹ́ òrùlé kan náà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tí àbúrò bí, ní tiwọn, ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n láti ọjọ́ ìbí wọn, nítorí pé abala 25 ka ìyá àti bàbá sí bákan náà. Nínú gbogbo ilé náà, bàbá nìkan ni àjèjì.

Àlàyé tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé àṣà ló bí òfin yìí: obìnrin ló ń lọ sílé ọkọ, ọkọ kì í lọ sílé aya. Àlàyé náà rọrùn láti gbà, ṣùgbọ́n ìtàn kò tì í lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ inú abala 26 ní orírun tirẹ̀, London sì ni orírun náà.

Ní ọdún 1844, òfin kan nípa àwọn àjèjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi lélẹ̀ pé obìnrin àjèjì tó bá fẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti di ọmọ ilẹ̀ náà. Ọdún 1870 ni wọ́n fi ìdàkejì rẹ̀ kún un: obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tó bá fẹ́ àjèjì pàdánù ipò rẹ̀. Òfin ọdún 1914 kó méjèèjì sí ojú kan. Aya ọmọ abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ abẹ́ ọba ni; aya àjèjì, àjèjì ni. Amẹ́ríkà náà ti ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1907, kí òfin tí wọ́n ń pè ní Cable Act tó bẹ̀rẹ̀ sí tú u ní ọdún 1922. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ kò díjú: ìdílé kan, olórí kan, ìjọba kan. Obìnrin kò ní ìlú tirẹ̀. Ìlú ọkọ ni ìlú rẹ̀.

Ibi tí òfin náà ti tú àṣírí ara rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn atukọ̀ aláwọ̀ dúdú. Ní ọdún 1919, àwọn èrò kọlu àwọn aláwọ̀ dúdú ní Liverpool, ní Cardiff àti ní àwọn èbúté mìíràn. Ìjọba wá rọ àwọn atukọ̀ tó ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá pé kí wọ́n padà sílé, òun yóò san owó ọkọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti fẹ́ obìnrin aláwọ̀ funfun. Bí a bá tẹ̀ lé òfin ọdún 1914, kò sí àjèjì kankan nínú irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, bí ọkọ bá jẹ́ ọmọ Èkó tàbí ọmọ Freetown: ọmọ abẹ́ ọba ni ọkọ, ọmọ abẹ́ ọba ni aya. Síbẹ̀, òpìtàn Carina Ray ti fi hàn láti inú àwọn ìwé ìjọba ìgbà náà pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní London àti àwọn gómìnà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sapá gidigidi kí àwọn aya wọ̀nyí má bàa bá ọkọ wọn lọ. Iyì òyìnbó ló ń já wọn láyà. Kí ni àwọn ọmọ onílẹ̀ yóò máa rò bí wọ́n bá rí obìnrin funfun tó ń dáná fún ọkọ dúdú, tó sì ń gbé bí aya òṣìṣẹ́ ṣe ń gbé? Òfin tó sọ pé aya ń tẹ̀ lé ọkọ lọ sí ìlú ọkọ dákẹ́ nígbà tí ìlú ọkọ jẹ́ Áfíríkà. Ohun tó kù fún atukọ̀ ni kó fi aya sílẹ̀, tàbí kó jókòó sí èbúté tí wọ́n ti sọ òkúta lù ú.

Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1949 dá ipò obìnrin Gẹ̀ẹ́sì padà fún un, ẹnikẹ́ni yòówù kó fẹ́. Fún àjèjì tó bá fẹ́ ọmọ ilẹ̀, ó ṣe ètò ìforúkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n fún obìnrin nìkan. Ètò yìí ni wọ́n gbé sínú ìwé òfin tí Nàìjíríà fi gba òmìnira ní ọdún 1960. Ó tún jáde nínú ti ọdún 1979, ó sì tún jáde nínú ti ọdún 1999. Láàárín àkókò yẹn, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ti ṣe òfin mìíràn ní ọdún 1981 tó fi òpin sí ìforúkọsílẹ̀ tó jẹ́ ti aya nìkan. Nàìjíríà wá di ẹni tó ń tọ́jú aṣọ tí ẹni tó rán an ti bọ́ sọnù.

Ṣé àṣà kò wá lọ́wọ́ sí i rárá ni? Ó lọ́wọ́ sí i: òun ló mú kí òfin náà rọrùn láti gbé mì. Ṣùgbọ́n àṣà Yorùbá kò sọ pé ọmọbìnrin ti jáde kúrò nínú ìdílé bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ tó lọ sílé ọkọ. Ẹni tó bá ti ilé ọkọ padà wá ni wọ́n ń pè ní dálémoṣú. Ẹ̀gàn díẹ̀ wà nínú orúkọ náà, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ń béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Peter Lloyd, tó kọ ìwé lórí òfin ilẹ̀ láàárín àwọn Yorùbá ní ọdún 1962, ṣàlàyé pé ní Ìjẹ̀bú àti ní Oǹdó ènìyàn lè tipasẹ̀ ìyá di ọmọ ìdílé, kó sì ní ẹ̀tọ́ nínú ohun ìní ìdílé náà. Ní ti ọkùnrin àlejò, onílé tó gbà á sọ́dọ̀ ni ìlú máa ń béèrè kí wọ́n tó béèrè ibi tí wọ́n ti bí i. Ẹni tó bá ti ní onílé lè rí ilẹ̀ dáko, kó máa san ìṣákọ́lẹ̀, títí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò fi di ará ìlú. Ká ní àwọn tó kọ òfin ọdún 1960 bi àṣà léèrè ní tòótọ́, ìdáhùn tí wọn ì bá gbọ́ ju ẹyọ kan lọ. Wọn kò bi í.

Àwọn tí òfin náà ṣojúure sí pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ sinmi. Ní ọdún 1979, àwọn obìnrin àjèjì tó fẹ́ ọmọ Nàìjíríà dá ẹgbẹ́ Nigerwives sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ẹgbẹ́ náà mọ́ iṣẹ́ títẹ ìwé braille fún àwọn afọ́jú, ṣùgbọ́n ọ̀ràn ìwé ìgbélùú wà lára ohun tí wọ́n ti ń bá ìjọba fà láti ọjọ́ pípẹ́. Aya tí kò bá tíì forúkọ sílẹ̀ ń gbé ìlú lórí lẹ́tà ọkọ, nínú èyí tí ọkọ ti sọ pé òun gba ẹrù rẹ̀ sọ́rùn. Bí ọkọ bá kú, tàbí tí ó bínú, ẹni tó kọ lẹ́tà ti lọ nìyẹn.

Kí ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi rọ́pò aṣọ tó bọ́ sọnù? Ní ọdún 1969, ìjọba gba ẹ̀tọ́ tí àwọn ọkọ láti orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ní láti wá bá aya wọn lọ́hùn-ún; wọ́n dá a padà ní ọdún 1974. Ní ọdún 1980 wọ́n tún há a mọ́: obìnrin tó bá fẹ́ mú ọkọ wọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà, kó sì jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bí òun tàbí ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀. Ọkùnrin tó fẹ́ mú aya wá kò rí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí wọ́n bí ní Òṣogbo, tó ti pẹ́ ní Peckham, tó sì ti gba ìwé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò lè mú ọkọ rẹ̀ wọlé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó jọ ń gbé àdúgbò kan náà lè mú aya wọlé.

Obìnrin mẹ́ta, Abdulaziz, Cabales àti Balkandali, gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ilé-ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg. Àwíjàre ìjọba ni pé ọkùnrin tó ń wọlé máa ń wá iṣẹ́ ju obìnrin lọ, iṣẹ́ sì ti ṣọ̀wọ́n. Ní ọjọ́ 28, oṣù Karùn-ún, ọdún 1985, ilé-ẹjọ́ dá àwọn obìnrin náà láre: ìjọba ti fi ìyàtọ̀ sáàárín akọ àti abo láìtọ́. Ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ fi kún un pé kò sí òfin tó di dandan fún orílẹ̀-èdè láti gba tọkọtaya sí ibi tó wù wọ́n láti gbé. Ìjọba di ìlà kejì yìí mú. Láàárín ọdún náà gan-an ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ di ọgbọọgba, nípa gbígbé àwọn ìbéèrè líle tí wọ́n ń bi àwọn ọkọ, kí wọ́n sì máa fi wọ́n bi àwọn aya pẹ̀lú. Èyí tó le jù nínú wọn ni pé kí ẹni tó fẹ́ wọlé fi hàn pé kì í ṣe torí àtigbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni òun ṣe ṣègbéyàwó. Ó wà títí di ọdún 1997. Àwọn ọkọ kò rí nǹkan púpọ̀ gbà nínú ìdọ́gba yìí. Àwọn aya ló pàdánù.

Ẹni tó jáde kúrò ní ìlú rẹ̀ tó fẹ́ padà wá ní ẹjọ́ tirẹ̀, èyí tí orúkọ Surinder Singh mọ́ lára. Ọmọ Íńdíà ni. Ó fẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1982, àwọn méjèèjì lọ ṣiṣẹ́ ní Jámánì láti ọdún 1983 sí 1985, wọ́n sì padà láti dá òwò sílẹ̀. Nígbà tí ìgbéyàwó náà ń tú ká, ìjọba fẹ́ lé e kúrò nílùú. Ní ọdún 1992, Ilé-ẹjọ́ Yúróòpù tó wà ní Luxembourg sọ pé ẹni tó bá ti lọ ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè mìíràn nínú àwùjọ Yúróòpù lẹ́tọ̀ọ́ láti mú aya tàbí ọkọ rẹ̀ padà sílé lábẹ́ òfin Yúróòpù. Ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ẹni tó bá mọ̀ pé òun kò ní lè mú ìdílé òun padà lè má jáde rárá. Ìdí náà yè kooro, ṣùgbọ́n ẹni tó ti Berlin tàbí Dublin bọ̀ ló wà fún. Ẹni tó ti Èkó bọ̀ kò sí nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò nínú àwùjọ náà, wọ́n ti ilẹ̀kùn ọ̀hún mọ́ àwọn tí kò bá tíì padà títí di ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 2022.

Fún ẹni tó ti Èkó bọ̀, owó ni ẹnubodè. Láti oṣù Keje ọdún 2012, ẹni tó bá fẹ́ gbọ̀wọ́ aya tàbí ọkọ ní láti máa gba £18,600 lọ́dún. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 ó di £29,000. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ gbà ní ọdún 2017 pé ìjọba lè fi irú gbèdéke bẹ́ẹ̀ lélẹ̀, bó tilẹ̀ rí i pé ìlànà náà kò ka ire àwọn ọmọ sí tó. Lójú òfin, owó kò ní akọ tàbí abo. Owó oṣù ní. Ẹni tí ń padà bọ̀ láti òkè òkun ló sì ń rí i tó le jù: ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ń gba iye owó náà níbi tí òun wà, kó sì tún ní iṣẹ́ tó ń san iye náà tó ń dúró dè é, èyí tí yóò bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta tó bá délé. Owó iṣẹ́ tí aya tàbí ọkọ àjèjì ń gbà lọ́hùn-ún kò wọ inú ìṣirò, bó ti wù kó pọ̀ tó. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Hackney, tó ti ń kọ́ni ní Èkó fún ọdún mẹ́wàá, tó sì ń gba náírà, kò ní sún mọ́ iye yẹn. Bí kò bá ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè fi £88,500 tó tọ́jú pa mọ́ rọ́pò rẹ̀.

Ẹni tó dúró fún ẹlòmíràn nídìí gbèsè ni Yorùbá ń pè ní onígbọ̀wọ́, òun náà ni a sì ń pe ẹni tó ń mú aya tàbí ọkọ wọlé. Ọ̀rọ̀ náà bá a mu ju bí a ti ń rò lọ. Ní Amẹ́ríkà, láti ìparí ọdún 1997, ìwé tí onígbọ̀wọ́ ń fọwọ́ sí jẹ́ àdéhùn tí wọ́n lè torí rẹ̀ pè é lẹ́jọ́. Ọmọ Amẹ́ríkà tó ń gbé òkè òkun sì ní láti kọ́kọ́ fi ẹ̀rí hàn pé Amẹ́ríkà ni ibùgbé òun, tàbí pé òun ń padà lọ fi í ṣe ibùgbé, kí wọ́n tó gba ìgbọ̀wọ́ rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, akọ àti abo ṣì ni ẹnubodè. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹta, ọdún 2022, àwọn aṣòfin àpapọ̀ dìbò lórí àtúnṣe tí ì bá fún ọkọ ọmọbìnrin Nàìjíríà ní àǹfààní abala 26. Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta ní ilé ìgbìmọ̀ méjèèjì, lẹ́yìn náà ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀. Kò rí i. Àwọn obìnrin kóra jọ sí ẹnu ọ̀nà Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Àbújá, wọ́n sì ń padà wá lójoojúmọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin sọ pé àwọn yóò tún mẹ́ta nínú àwọn àbá nípa obìnrin yẹ̀ wò, ti ọkọ àjèjì sì wà lára wọn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, Ààrẹ fọwọ́ sí àtúnṣe 16 sínú Òfin Ìpilẹ̀. Ti abala 26 kò sí nínú wọn.