Àádọ́ta Dọ́là fún Òkun Tó Bàjẹ́

Ká ní mọ́tò yín ya wọ ṣọ́ọ̀bù ẹnìkan, ó ba gbogbo ọjà jẹ́, mọ́tò náà sì jóná ráúráú. Ẹ wá sọ fún oníṣọ́ọ̀bù pé iye ohun tó kù lára mọ́tò nìkan lẹ máa san. Kí ló kù? Táyà kan. Ẹ lè rò pé àwàdà ni, àmọ́ irú òfin tí Amẹ́ríkà ṣe fún àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ní 1851 nìyẹn.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, 1967, ọkọ̀ Torrey Canyon ń gbé nǹkan bí 119,000 tọ́ọ̀nù epo rọ̀bì bọ̀ láti Kuwait. Ọ̀gákọ̀ ń kánjú, ó gba ọ̀nà àbùjá, ló bá forí sọ àpáta Seven Stones nítòsí Cornwall. Epo bo òkun, ẹyẹ kú lọ bẹẹrẹ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tiẹ̀ ju bọ́ǹbù lu ọkọ̀ náà kí epo tó kù lè jóná. Síbẹ̀, epo dé etíkun Faransé.

Ta ni kó sanwó? Àsíá Làìbéríà ni ọkọ̀ ń ta, ilé-iṣẹ́ kan ní Bermuda ló ni ín, Union Oil ti Amẹ́ríkà ló háyà á, ará Italy ni ọ̀gákọ̀. Èmi tí mo ń kọ kóòdù mọ irú ẹ̀ dáadáa: iṣẹ́ ọlọ́wọ́ púpọ̀, tó bá ti bàjẹ́, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Wọ́n gba ilé-ẹjọ́ lọ ní New York, wọ́n di òfin 1851 mú. Tí ọlọ́kọ̀ kò bá mọ̀ sí àṣìṣe náà, kò ní san ju iye tí ọkọ̀ tó lẹ́yìn ìjàǹbá. Ọkọ̀ kékeré agbẹ̀mílà kan ṣoṣo ló kù: $50. Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́ o: bí ọkọ̀ bá ṣe bàjẹ́ tó ni gbèsè ń kéré tó!

Gẹ̀ẹ́sì ò káwọ́ gbera. Ilé-iṣẹ́ Bermuda yẹn ní ọkọ̀ mìíràn, Lake Palourde. Bó ṣe yà sí Singapore, lọ́yà kan wọ inú ẹ̀, ó lẹ ìwé ilé-ẹjọ́ mọ́ òpó. Faransé náà sáré tẹ̀ lé e, ọkọ̀ ti lọ; Rotterdam ni ọwọ́ tiwọn ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní 1969, wọ́n gba £3 mílíọ̀nù, wọ́n pín in dọ́gba.

Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣe àdéhùn tuntun ní Brussels. Ẹni tí epo bà jẹ́ kò ní láti fi hàn mọ́ pé ọlọ́kọ̀ ṣàṣìṣe. Epo ti tú, gbèsè ti dé, àyàfi bí ogun tàbí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá fà á. Àmọ́ gbèsè náà ṣì ní ààlà. Ìwọ̀n ọkọ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀ báyìí, kì í ṣe àwókù. Ní 1971, wọ́n fi àpò owó kan kún un, tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gba epo ń dá owó sí, fún ìgbà tí ti ọlọ́kọ̀ kò bá tó. Mi ò fẹ́ràn ààlà yẹn, àmọ́ ó sàn ju táyà kan lọ.

Lára epo Torrey Canyon dé erékùṣù Guernsey. Wọ́n fà á dà sínú kòtò tí wọ́n ti ń wa òkúta tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ogójì ọdún, epo ṣì wà níbẹ̀, ẹyẹ ṣì ń bà sínú ẹ̀.