Ta Ló Yẹ Kó Ṣígbá Wò?

Bí Yorùbá bá ní ọba kan "ṣígbá wò", ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ọba náà gbẹ̀mí ara rẹ̀ nítorí pé ìlú kọ̀ ọ́. Àkànlò èdè ni lónìí, ṣùgbọ́n ìtàn ló bí i. Ní Ọ̀yọ́-Ilé, bí nǹkan bá dàrú, Ọ̀yọ́ Mèsì, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, lè fi igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ ránṣẹ́ sí Aláàfin. Bí ọba bá ti ṣí igbá náà, ó ti mọ̀ pé orí òun ni ẹ̀bi já lé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi àṣà yìí yangàn pé kò jẹ́ kí ọba di apàṣẹwàá. Mo gbà pé òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn Baṣọ̀run Gáà mú mi ronú. Láàárín ọdún 1754 sí 1774, ọba mẹ́rin ló kú léraléra nítorí rẹ̀. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé Awónbíojú lo 130 ọjọ́ péré lórí oyè, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sì ni pé kò dọ̀bálẹ̀ fún Gáà. Ẹni tó ń gbé igbá ránṣẹ́ gan-an ló ń da ìlú rú! Aláàfin Abíọ́dún ló ṣẹ́gun rẹ̀ níkẹyìn.

Ní nǹkan bí ọdún 1796, ó kan Aláàfin Aólẹ̀. Òun jẹ̀bi lóòótọ́, torí ó rán ọmọ ogun lọ sí Ìwéré, ìlú tó jẹ́ èèwọ̀ fún Aláàfin láti bá jà. Síbẹ̀, ikú rẹ̀ kò tún nǹkan kan ṣe. Àfọ̀njá, tó wà lára àwọn tó kọ̀ ọ́, gba Ìlọrin kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́. Kí ọdún 1840 tó pé, Ọ̀yọ́-Ilé ti di ahoro.

Àwọn àgbà ti rí ewu yìí tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí àṣà fi là á kalẹ̀ pé bí Aláàfin bá ṣígbá wò, ọ̀kan nínú Ọ̀yọ́ Mèsì gbọ́dọ̀ bá a kú. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọgbọ́n àṣà náà wà: ẹni tó ń di ẹ̀bi ru ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe wúwo tó.

Lónìí, bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù bá pàdánù, akọ́nimọ̀ọ́gbá là ń lé. Bí ọmọ bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò, olùkọ́ là ń bá wí. Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́." Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Kí a tó gbé igbá fún ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ ká wo ìsàlẹ̀ ná.