Abala 221: Bí Òfin Ọ̀daràn Ṣe Dé Lọ́kọ́ja

Bí ènìyàn méjì bá jà ní Ìyámoyè ní Ìpínlẹ̀ Kogí, tí ọ̀kan pa ìkejì, Penal Code ni wọn yóò fi dájọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ Ọ̀mùò-Èkìtì tó wà lẹ́bàá ibẹ̀ ni wọ́n ti jà, òfin tí gúúsù jogún láti ara Criminal Code ni. Bẹ́ẹ̀ èdè ìlú méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Lọ́kọ́ja ni Lugard ti ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 1, oṣù Kìn-ín-ní, 1900, tó fi kéde ìjọba Àríwá Nàìjíríà. Ní 1904, wọ́n gbé Criminal Code wọ Àríwá, ìwé tí Samuel Griffith kọ fún Queensland ní Australia. 1916 ló tó di ti gbogbo Nàìjíríà. Ẹ ò rí nǹkan: Àríwá ló kọ́kọ́ gbà á, gúúsù ló wá kù sí lọ́wọ́.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ ni pé òfin Màlíkì ti ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni ọ̀pọ̀ kóòtù ìbílẹ̀ l'Áríwá ń lò. Lábẹ́ rẹ̀, ẹni tí wọ́n mú bínú tó sì pànìyàn lè fi ẹ̀mí dí i. Lábẹ́ Criminal Code, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1947, nínú ẹjọ́ Tsofo Gubba, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní kóòtù ìbílẹ̀ kò gbọdọ̀ dá ikú fún ẹni tí Criminal Code kò ní pa. Àríyànjiyàn náà kò tán, ó tún dé ilé-ẹjọ́ àgbà ìjọba àpapọ̀ ní 1957. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan dìde. Abu Rannat, adájọ́ àgbà Sudan, ni alága. Peter Achimugu, ọmọ Ígálà, wà níbẹ̀. Òfin Sudan, tí òun náà ti India wá, ni wọ́n fi ṣe àwòkọ fún Penal Code. Ọjọ́ 30, oṣù Kẹsàn-án, 1960 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọjọ́ tó ṣáájú òmìnira. Nígbà tí wọ́n yọ Kogí lára Kwara àti Benue ní 1991, ó bá Penal Code nílẹ̀.

Láti 1963 tí a kò ti gbé ẹjọ́ lọ sí London mọ́, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ wa ló ń túmọ̀ òfin méjèèjì. Nínú Penal Code, Abala 221 ló ń dá ikú. Olùpẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹnìkan kú, pé ọwọ́ ẹlẹ́jọ́ ló pa á, àti pé ó ní in lọ́kàn, tàbí ó mọ̀ tàbí ó yẹ kó mọ̀ pé ikú ni yóò yọrí sí. Ẹ̀kẹta yìí ni iṣẹ́ wà. Òfin ní kí ikú jẹ́ "probable", kó má kàn jẹ́ "likely". Tí n bá jẹ́ ògbufọ̀ ní kóòtù, "ó lè kú" ni n óò pe èkejì, "àfàìmọ̀ kó má kú" ni n óò pe èkíní. Àárín gbólóhùn méjèèjì yìí ni ẹ̀wọ̀n àti okùn ti ń pínyà. Ní gúúsù, ìpinnu láti ṣe ẹni léṣe gidigidi pàápàá tó fún ẹ̀sùn ìpànìyàn.

Níwọ̀n bí kò ti sẹ́ni tó rínú, ohun ìjà làwọn adájọ́ ń wò, àti ibi tó bá lára: ọ̀bẹ tó wọ àyà kì í ṣe ọ̀bẹ tó ha itan. Ẹni tó bá ní wọ́n mú òun bínú, wọn a bi í bóyá ó lù ú lójú ẹsẹ̀, nígbà tí ara ṣì gbóná, àbí ó kọ́kọ́ rìn lọ sílé lọ mú àdá. Bó bá rìn lọ sílé, wọn a bi í báwo ni ilé náà ṣe jìnnà tó.