Ẹ Jẹ́ Ká Fẹsẹ̀ Rìn Dé Ọjà Apòmù

Ìtàn tí à ń kà nínú ìwé a máa jìnnà sí wa, bí ẹni pé ilẹ̀ àjèjì ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ wa sì lè tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí a jọ rìn ní ìlú méjì tí wọ́n múlé ti ara wọn, Ìkirè àti Apòmù, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lọ́nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ má ṣe pọ̀ lọ. Ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà tó. Ẹ wá ọmọ ìlú kan tí ó mọ agboolé dé agboolé, kí ó máa ṣáájú yín. Ní Ìkirè, ẹ kọ́kọ́ yà kí Akirè ní ààfin. Ní Apòmù, Alápòmù ni ẹ ó kí. Bí ebi bá ń pa yín, ẹ ra dòdò Ìkirè, èyí tí wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó ti pọ́n kẹ̀ ṣe, tí wọ́n po ata àti iyọ̀ mọ́, tí wọ́n sì fi epo pupa dín. Ọ̀pọ̀ èrò ọkọ̀ ń rà á jẹ lójú títì, wọn kò sì mọ̀ pé ìhín yìí gan-an ni iná ogun kan ti ràn tí ó jó ká ilẹ̀ Yorùbá.

Bí ẹ bá dé Apòmù, ẹ kọjú sí gúúsù. Apá ibẹ̀ ni àwọn Ìjẹ̀bú ti ń ru iyọ̀ àti ọjà etí òkun wá. Ẹ kọjú sí àríwá. Apá ibẹ̀ ni àwọn Ọ̀yọ́ ti ń bọ̀ láti ilẹ̀ ọ̀dàn. Ifẹ̀ ni ó ni ilẹ̀, Òwu kò sì jìnnà. Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná nígbà náà. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 ẹyọ, ó sì tó ẹrù fún odindi ènìyàn kan. Ta ni yóò ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gba inú igbó kọjá, bí kò bá dá a lójú pé òun yóò padà sílé? Ìdánilójú yìí ni ó gbé ọjà Apòmù dúró ju iyọ̀ àti aṣọ lọ.

Samuel Johnson, ẹni tí ó ṣe olùkọ́ ní Ìbàdàn kí ó tó di àlùfáà ní Ọ̀yọ́, kọ ìtàn ọjà yìí sínú ìwé tí ó parí ní ọdún 1897. Ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àbúrò rẹ̀ Obadiah tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921.

Johnson wí pé ní ayé Aláàfin Abíọ́dún, a pàṣẹ fún Baálẹ̀ Apòmù kí ó má ṣe jẹ́ kí a máa jí ènìyàn gbé tà ní ọjà náà. Awólẹ̀, tí kò tíì jọba nígbà náà, ń ná ọjà níbẹ̀, ó sì ta ọ̀rẹ́ ara rẹ̀ lẹ́rú. Baálẹ̀ gba ọkùnrin náà padà, ó sì ní kí wọ́n na Awólẹ̀ bí òfin ti wí. Nígbà tí Abíọ́dún wàjà ní ọdún 1789 tí Awólẹ̀ sì gorí oyè, ó ní kí ogun lọ kọlu Apòmù. Baálẹ̀ sá lọ sí Ilé-Ifẹ̀, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n lè gbé orí rẹ̀ lọ tu ọba lójú, kí ìlú má baà run. Ẹ rò ó wò: ẹni tí ó pa òfin mọ́ ni ó kú.

Láti ìgbà náà, òfin ọjà kò lágbára mọ́. Jíjí ènìyàn gbé di iṣẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1820, àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́ bẹ Olówu pé kí ó bá wọn dá a dúró. Ọmọ ogun Òwu sì run ọ̀pọ̀ ìlú; Apòmù àti Ìkirè wà lára wọn. Èyí dun Ifẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìjà bẹ́ láàárín Òwu àti Ìjẹ̀bú ní ọjà Apòmù, nítorí ataare lásán. Ni Ìjẹ̀bú tòun ti ìbọn rẹ̀ bá dara pọ̀ mọ́ Ifẹ̀, wọ́n sì dó ti Òwu fún ọdún púpọ̀ títí ó fi fọ́. Àwọn ọmọ ogun náà kò padà sílé. Wọ́n ya wọ inú ìlú àwọn Ẹ̀gbá. Wọ́n tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 1829. Àwọn Ẹ̀gbá sì ṣí lọ sí Abẹ́òkúta ní ọdún 1830, níbi tí àwọn Òwu pẹ̀lú ti wá bá wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ fiyè sí ohun kan. Ìran Ọ̀yọ́ ni Johnson, ẹnu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ ni ó sì ti gbọ́ púpọ̀ nínú ìtàn rẹ̀. Kí ni Apòmù àti Ìkirè fúnra wọn wí? Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ní kí ọmọ ìlú ṣáájú yín. Ẹ bi í léèrè: níbo ni àwọn ènìyàn sá sí nígbà tí ìlú fọ́? Agboolé wo ni ó kọ́kọ́ padà? Irú ẹni wo ni Baálẹ̀ náà? Bí ọ̀rọ̀ àgbà méjì kò bá dọ́gba, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ gbọ́ ọ. Ìwé Johnson sọnù, a sì tún un kọ nítorí pé àkọsílẹ̀ wà. Bí àgbà bá kú láìsọ tẹnu rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò tún un kọ.

Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Baálẹ̀ Apòmù ni àgbà ọjà náà. Nígbà tí ó kú nítorí ẹ̀tọ́, ìlú bíi mélòó kan ni ó wọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù lọ, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín mọ ibẹ̀.