Òpó Ni Kó Ṣáájú Ìlà: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Ìṣẹ́ Àdúgbò Bíi Crumpsall

Nínú àtẹ ìṣẹ́ tí ìjọba gbé jáde fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ipò kejì ni Manchester wà láàárín ìjọba ìbílẹ̀ 317 bí a bá gba ọ̀nà kan ṣírò rẹ̀. Bí a bá gba ọ̀nà mìíràn, ipò kẹfà ló bọ́ sí. Àtẹ kan náà ni, ọdún kan náà ni, ẹnikẹ́ni kò sì parọ́. Iṣẹ́ ìṣirò tí wọ́n fi lé àtẹ náà lórí ló yàtọ̀.

Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò sábà máa ń ka irú ọ̀rọ̀ báyìí sí ti oníṣẹ́ ọwọ́ lásán: kí a mú iṣẹ́ ìṣirò kan, kí a fi bá òpó kọ̀ọ̀kan nínú mátíríìsì (àtẹ nọ́ńbà tó ní ìlà àti òpó) lò, ó parí. Èrò tèmi ni pé kò parí síbẹ̀. Yálà òpó la kọ́kọ́ ṣe ni o, tàbí ìlà, ìpinnu lórí ẹni tí a máa kà sí tálákà ni, kò sì yẹ kí ó fara pamọ́ sábẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú kóòdù.

Ẹ jẹ́ ká fi Crumpsall, ní ìhà àríwá Manchester, wò ó. Nínú àtẹ ọdún 2019 yẹn, wọ́n pín gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí àdúgbò kéékèèké 32,844, èyí tí olùgbé inú wọn sábà máa ń wà láàárín 1,000 sí 3,000; irú wọn mélòó kan ló para pọ̀ di wọ́ọ̀dù Crumpsall. Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú mátíríìsì dúró fún àdúgbò kan. Òpó rẹ̀ jẹ́ méje, ọ̀kan fún irú ìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Owó tó ń wọlé àti àìríṣẹ́ṣe ló wúwo jù, ìdá 22.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kọ́ àti ìlera gba 13.5 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwà ọ̀daràn, ìnira àtirílé gbé pẹ̀lú jíjìnnà sí ohun kòṣeémánìí, àti ipò àyíká gba 9.3 lọ́kọ̀ọ̀kan. (Nínú òpó jíjìnnà yẹn, ọ̀nà sí ọ̀dọ̀ dókítà àdúgbò, ilé ìfìwéránṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ilé ìtajà ni wọ́n wọ̀n ní ọdún 2019. Ilé ìwòsàn ńlá North Manchester General Hospital tó wà ní Delaunays Road, ní Crumpsall gan-an, kò sí nínú ohun tí wọ́n wọ̀n.)

Wọn kì í kàn ro òpó méjèèje pọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń to àdúgbò gbogbo nínú òpó kan láti orí èyí tó rọrùn jù dé orí èyí tí ìṣẹ́ pọ̀ sí jù, wọ́n á sọ ipò náà di nọ́ńbà tí kò ju 1 lọ, wọ́n á wá fi ìṣirò kan tẹ̀ ẹ́ kí ó lè bọ́ sáàárín 0 sí 100. Nínú èdè kọ̀ǹpútà R, tí M bá dúró fún mátíríìsì náà, tí w sì dúró fún ìwọ̀n àwọn òpó rẹ̀, bó ṣe rí nìyí:

f <- function(x) {
  R <- rank(x) / length(x)
  -23 * log(1 - R * (1 - exp(-100/23)))
}
apply(M, 2, f) %*% w

Ohun tí ìṣirò yìí ń ṣe kò hàn lójú ẹsẹ̀. Àdúgbò tó wà láàárín gbùngbùn kì í gba 50. Nǹkan bí 15.6 ló ń gbà. Ìdá kan nínú mẹ́wàá tí ìṣẹ́ pọ̀ sí jù nìkan ló ń pín ààyè tó wà láàárín 50 sí 100. Ká ní òpó méjì péré ló wà, tí ìwọ̀n wọn sì dọ́gba. Àdúgbò kan ló burú jù nínú òpó owó, àmọ́ àyíká ibẹ̀ dára ju ti gbogbo ibi yòókù lọ: yóò gba 100 àti bíi 0, ìpíndọ́gba rẹ̀ á jẹ́ 50. Èkejì wà láàárín nínú méjèèjì: 15.6 ni tirẹ̀. Bí a bá kọ́kọ́ ro ipò wọn pọ̀ lórí ìlà ńkọ́, ká tó fi iṣẹ́ ìṣirò náà lé e? Ọgbọọgba ni àwọn méjèèjì máa jẹ́. Ẹni tí ebi ń pa ò lè fi afẹ́fẹ́ tútù ṣe ẹ̀bà, ìdí sì nìyẹn tí mo fi gbà pé òpó ló gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Ìyàtọ̀ ipò kejì sí ipò kẹfà náà ti ibẹ̀ wá. Bí a bá fi ìpíndọ́gba ipò àwọn àdúgbò díwọ̀n ìlú, ibi tí ìṣẹ́ ti tàn kálẹ̀ ló máa ń yọrí, irú Manchester nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ìpíndọ́gba máàkì tí ìṣirò yẹn fún wọn, àwọn ìlú tí àdúgbò wọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá pọ̀ jù á gba iwájú rẹ̀ kọjá.

Nọ́ńbà 2 tó wà nínú apply yẹn ló ń sọ pé òpó ni. Bí a bá fi 1 rọ́pò rẹ̀, R kò ní kìlọ̀. Á to òpó méje àdúgbò kan sí ipò láàárín ara wọn, tó fi jẹ́ pé ibi tó rọ̀ṣọ̀mù jù lọ náà á gba 100 níbì kan, nítorí ó ṣáà gbọ́dọ̀ ní ohun tó burú jù nínú tirẹ̀. Èsì rẹ̀ á tún yí padà, ìlà á di méje, òpó á di 32,844. Ìgbà tí a bá fẹ́ fi ìwọ̀n w ṣe ìsọdipúpọ̀ ni ẹ̀rọ máa tó figbe ta. Ẹni tó bá sì gbàgbé òpó kóòdù àdúgbò sínú àtẹ náà, apply á sọ gbogbo nọ́ńbà yòókù di ọ̀rọ̀. Sapply sàn díẹ̀ níbi èyí, torí òpó kọ̀ọ̀kan ló ń mú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Àwọn kan lè sọ pé títò sí ipò ń ba nǹkan jẹ́: àlàfo tó wà láàárín àdúgbò tó kẹ́yìn àti èyí tó tẹ̀ lé e lè fẹ̀ gan-an, ipò ò ní fi hàn. Òótọ́ ni. Ènìyàn ló sì yan 23, kì í ṣe àdáyébá. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n yàn, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fáyé rí, a lè bá wọn jiyàn lórí rẹ̀.

Ibi tí ó le sí ni òpó fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba nítorí owó tó ń wọlé fún wọn kò tó nǹkan ni òpó owó ọdún 2019 fi ń mọ tálákà. Ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà tó bá fi físà iṣẹ́ tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́ wọlé sábà máa ń jẹ́ ẹni tí òfin kò jẹ́ kó gba irú owó bẹ́ẹ̀, èyí tí àwọn ará wa níbẹ̀ ń pè ní “no recourse”. Bó ti wù kí owó oṣù rẹ̀ kéré tó, kò sí lára àwọn tí òpó yẹn kà sí tálákà, bẹ́ẹ̀ wọ́n kà á mọ́ olùgbé tí wọ́n fi ń pín in. Bí irú ìdílé bẹ́ẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ní àdúgbò kan, bẹ́ẹ̀ ni ìdá tálákà ibẹ̀ á máa dín kù nínú àtẹ, tí àdúgbò náà á sì máa gòkè sí apá ibi tó rọrùn.